Ẹlẹ́sẹ̀ àti Ẹlẹ́ṣin: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà "Pedestrian"

Láàárín oṣù méjì tó kọjá, lẹ́tà tó wọlé sí ojú ewé yìí lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pinnu láti ya gbogbo àyè tí a ní sọ́tọ̀ fún un. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, ṣùgbọ́n n kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, mo sì máa ń kọ àpilẹ̀kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan, tí mo fi sọ bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi bíírò pupa kọ sí etí ìwé náà: "pedestrian". Inú mi kọ́kọ́ dùn, nítorí mo rò pé kókó ohun tí mo sọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni mo kọ. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló là mí lóye pé wọ́n bú iṣẹ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára afárá ẹlẹ́sẹ̀ ṣe di èébú fún ìwé tí èèyàn kọ? (Olùkọ́ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ kò ṣìnà nínú ohun tí ẹ kọ́kọ́ rò, ọmọ yín náà kò sì purọ́ fún yín. Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú pópó ni, ìyẹn ẹni tí kò sí nínú mọ́tò, tí kò gun alùpùpù, tí kò sì gun kẹ̀kẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí wọ́n lò fún ìwé, fún orin, fún ọ̀rọ̀ àsọyé tàbí fún eré bọ́ọ̀lù, ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà kò ládùn, kò ní ìmísí, kò sì sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó lè mú kí ẹni tó ń tòògbé la ojú. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ lè pé pérépéré ní gírámà, kí gbogbo àmì ìdánudúró rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ kí ó wà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dunni ju kí wọ́n fa ilà pupa sábẹ́ àṣìṣe mẹ́wàá lọ, torí pé ẹni tó fa ilà sábẹ́ àṣìṣe ti fi ohun tí a ó tún ṣe hàn wá, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó sì dákẹ́ kò fi nǹkan kan lé wa lọ́wọ́.

Láti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di èébú, a ní láti lọ bá a níbi tó ti ṣẹ̀. Nínú èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, "pes" ni ẹsẹ̀, "pedester" sì ni ohun tó bá jẹ mọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Òdìkejì rẹ̀ ni "equester", ohun tó jẹ mọ́ ẹlẹ́ṣin. Ní Róòmù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin kò mọ sí ojú ogun, nítorí pé owó ni wọ́n fi ń ra ẹṣin, owó náà ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ kò bá sì tó 400,000 nínú owó wọn tí wọ́n ń pè ní sesterce kò lè dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà kì í gun ẹṣin lọ sógun mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lára wọn, iyì rẹ̀ kò sì kúrò. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí a to ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá sí ipò ọlọ́lá àti ipò mẹ̀kúnnù. Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ewì, tí kò ní ìwọ̀n àti ìlù nínú, ni wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn Gíríìkì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn: ọ̀rọ̀ kan náà, "pezos", ni wọ́n ń lò fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti fún ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ewì.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ará Róòmù ló fi ọ̀rọ̀ náà bú ènìyàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ẹnì kan nínú wọn. Akéwì ni, Horace lorúkọ rẹ̀, ọdún 65 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n bí i, baba rẹ̀ sì ti fìgbà kan rí jẹ́ ẹrú kí ó tó gba òmìnira. Nínú ọ̀kan lára àwọn ewì rẹ̀ tó fi ń sọ ìṣesí ọmọ ènìyàn, ó ní òòṣà ewì tí òun ń bá ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Kì í ṣe pé ó ń tẹ́ ara rẹ̀; ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ aládùúgbò ló ń sọ, ó sì fẹ́ kí a gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ibòmíràn tó tún ti lo ọ̀rọ̀ náà ló ṣe mí láǹfààní jù lọ nínú iṣẹ́ ìwé kíkọ. Ó ń kọ́ àwọn akéwì bí wọ́n ṣe ń kọ eré ìtàgé tó dá lórí ìbànújẹ́, ó wá mẹ́nu kan Telephus àti Peleus, àwọn ọlọ́lá méjì inú ìtàn àtijọ́ tí wọ́n di aláìní, tí wọ́n sì di ẹni tí a lé kúrò nílùú. Ó ní nígbà tí irú wọn bá ń dárò lórí ìtàgé, wọ́n máa ń da gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá nù, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn sunkún, bí wọ́n bá fẹ́ kí àròyé wọn wọ ọkàn ẹni tó ń wò wọ́n. Láàárín ìlà mẹ́ta ni ó ti lo ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ kìíní ni èyí tó ń rìn, èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, ara rẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "sesquipedalian", orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ gbọọrọ tí kò yẹ kó gùn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó gùn ni Horace ní kí a jù nù, èyí tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ní kí a mú dání. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní tòótọ́ kì í wá ọ̀rọ̀ ńlá. "Ó ti lọ" ni yóò sọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yóò sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé ìtumọ̀ àfiwé, èyí tó jẹ́ èébú, ló ṣáájú. Àwọn tó ń tọpa ọ̀rọ̀ rí i nínú ìwé ọdún 1716, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí kò ládùn, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1790 sí 1799 ni lílò rẹ̀ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí a bá rò ó dáadáa, kò ṣòro láti lóye. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń pe ẹni tó ń rìn ti wà nílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì látọjọ́ pípẹ́, wọn kò wá òmíràn. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ti ka Látìnì nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n mú "pedestrian" wá, ìwé ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n, kì í ṣe ojú pópó. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ sí etí ìwé yín lo ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń lò ó kí wọ́n tó kọ ọ́ sára afárá ẹlẹ́sẹ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìgbà ògo tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń pe àwọn tó fi ìrìn jíjìn ṣe eré ìje ní "pedestrian", orúkọ iyì sì ni. Ní 1809, ọ̀gágun ará Skọ́tíláǹdì kan tó ń jẹ́ Robert Barclay Allardice gbà láti rin 1,000 máìlì ní 1,000 wákàtí tó tẹ̀lé ara wọn, máìlì kan nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án àti lóru, nítorí 1,000 gíní, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà. Ní Newmarket, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ẹṣin sá eré ìje, ló ti rìn ín, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọjọ́ kejìlá oṣù keje. Kí ó lè rí oorun sùn, ó máa ń fi máìlì kan sí ìparí wákàtí kan, yóò sì so èyí tó tẹ̀lé e mọ́ ọn ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí kejì, kí ó tó lọ sinmi díẹ̀. Ó parí rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ní Amẹ́ríkà, Frank Hart, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Háítì, gba ipò kìíní nínú ìje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní Madison Square Garden ní New York lọ́dún 1880, lẹ́yìn tó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rin 565 máìlì. Ẹni tó bá pe Hart ní "pedestrian" lọ́jọ́ náà, oríkì ló ń kì í.

Ẹ fi ẹ̀dà àpilẹ̀kọ yín mọ́ lẹ́tà náà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín bí òǹkọ̀wé sí òǹkọ̀wé. Ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́, níbi tí ẹ ti ń sọ pé ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì àti pé ayé àtijọ́ le ju ti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, mo sì rò pé ibẹ̀ ni bíírò pupa náà ti jáde. Ṣùgbọ́n ní ìpínrọ̀ kẹta, ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ so okùn méjèèjì pọ̀, ẹ gbé e kọ́ ọrùn kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má baà jẹ kí ọdún tó dé, ìrì òwúrọ̀ sì ń mú yín lẹ́sẹ̀ títí ẹ fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ẹ ti fi ewé nu ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó wọ bàtà náà padà. Ibẹ̀ ni kí àpilẹ̀kọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ohun tó ṣáájú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ padà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ mi ni láti máa túmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá nílé iṣẹ́ rédíò. Ìròyìn bọ́ọ̀lù kan dé ọ̀dọ̀ wa tó ní eré tí ẹgbẹ́ kan gbá jẹ́ "pedestrian". Ọ̀gá mi ní kí n kọ "eré ẹlẹ́sẹ̀". Mo bẹ̀ wọ́n pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ẹsẹ̀ náà ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù fi ń gbá a. Kí ni ó yẹ kí n kọ? (Atúmọ̀ ìròyìn, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbà. Òtítọ́ ni pé "ẹlẹ́sẹ̀" bá ìtumọ̀ kìíní mu dáadáa, mo sì fara mọ́ ọn ju "afẹsẹ̀rìn" lọ nígbà mìíràn nítorí pé ó kúrú, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu wa. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò ó fún ọmọ-ogun tí kò gun ẹṣin. Nínú ìwé wòlíì Jeremáyà, orí 12, ẹsẹ̀ 5, a bi wòlíì náà léèrè pé bí ó bá bá ẹlẹ́sẹ̀ sáré tí ó sì rẹ̀ ẹ́, báwo ni yóò ṣe bá ẹṣin díje. Ṣùgbọ́n kò sí èébú nínú ẹlẹ́sẹ̀ tiwa. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ yìí mọ̀ pé Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin lágbára ní ilẹ̀ ọ̀dàn, pé ẹṣin kì í sì í pẹ́ láyé nínú igbó gúúsù nítorí àìsàn tí eṣinṣin ń kó ràn án. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti Òṣogbo, ogun Ìbàdàn ló lọ kò wọ́n lóru tí wọ́n sì lé wọn, ẹlẹ́sẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ogun náà. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin kò ti ráyè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà ìsàlẹ̀ mọ́. Ta ni yóò wá fi ẹlẹ́sẹ̀ bú ọmọ Ìbàdàn?

Ẹ tún fetí sí bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wa lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé a fura. Ohun tí a bá fẹ́ ṣe, ìgbésẹ̀ la ń gbé lórí rẹ̀. Ẹni tó wá síbi ìnáwó pésẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó bá dúró fẹsẹ̀ múlẹ̀, ohun tó bá sì jẹ́ irọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan ṣẹlẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí a tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ohun tó yá, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló yá. Àní, níbi tí àwọn ará Róòmù ti fi ẹsẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ewì, ewì gan-an ni tiwa ń tọ́ka sí: ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ewì Ifá là ń pè ní ẹsẹ̀ Ifá, babaláwo tó bá mọ ẹsẹ̀ púpọ̀ lábẹ́ odù kan sì ni a ń ka sí ọ̀jìnmì. Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ewì wá ń kọ́? Ọ̀rọ̀ geere ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ geere láìsí ìdíwọ́. Orúkọ tó dára ni, n kò sì mọ èdè tó sọ ọ́ lórúkọ tó wù mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé àwa náà fi ẹṣin ṣe àfiwé fún ọ̀rọ̀, nígbà tí a ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àfiwé náà súnmọ́ ti Róòmù débi pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pa òwe náà dé òpin: bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, òun ni olówó ẹṣin náà. Nítorí rẹ̀ la ṣe di ẹṣin ní gàárì, nítorí rẹ̀ la ṣe gbéra, ìgbà tí a bá sì rí i, iṣẹ́ ẹṣin parí. Àwọn àgbà sì tún sọ ọ́ lọ́nà mìíràn pé ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé èébú Róòmù wọ inú ẹlẹ́sẹ̀. Fún eré bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ lè kọ pé eré wọn kò lárinrin, tàbí pé kò wú èrò ìwòran lórí. "Eré ṣákálá" náà dára bí àyè bá há. Fún ìwé tàbí ọ̀rọ̀ àsọyé, èmi a máa yá ọ̀rọ̀ láti ìdí àdògán: ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ a máa tẹ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà a sì máa tẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀rọ̀ wọn tẹ́ lẹ́nu" lórí rédíò kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ẹ sì kọ méjèèjì síwájú wọn kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

N kò ní sọ pé ọwọ́ tiwa mọ́ pátápátá. Àwọn ọmọ ìgboro a máa fi "Legediz Benz" ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó ń rìn, ohùn tí dírẹ́bà fi ń sọ pé kí ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lọ́nà kì í sì í ṣe ohùn ọ̀wọ̀. Mọ́tò ti gba ipò ẹṣin. Mo dúró nísàlẹ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Òjòtá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń wo ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátò lé orí tó sì pọn ọmọ. Kò lè wo ilẹ̀ nítorí ẹrù orí, nítorí náà ó ń fi orí ìka ẹsẹ̀ wá etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbé ara lé e, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ lórí irin. Ó gun gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìdúró, tòmátò kan kò sì já bọ́. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ní ìyẹn ni "pedestrian", mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò sí ìmísí níbẹ̀ kò wò ó dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwakọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kún inú ìwé òfin ojú pópó, ọmọ mi sì ní èébú ni tí èèyàn bá lò ó fún ẹlòmíràn. Ṣé ìwé ìjọba lè máa bú aráàlú ni? (Ìyá kan, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa. Nínú ìwé òfin, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìkan ló túmọ̀ sí. Ohun tí yóò ràn yín lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, bí afárá, títì tàbí ibi ìsọdá, ìtumọ̀ gidi ni. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ọpọlọ, bí ìwé, èrò tàbí orin, àfiwé ni, kò sì dùn mọ́ni. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n fi í bú ènìyàn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tàbí èrò rẹ̀ ni wọ́n máa ń wí.

Ní Bìrìtìkó tí ẹ wà, òfin ti ń gbé ẹlẹ́sẹ̀ ga díẹ̀díẹ̀. Ní 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó oníná ọsàn sí ibi ìsọdá, àwọn ará ìlú sì fi orúkọ mínísítà ètò ìrìnnà ìgbà náà, Leslie Hore-Belisha, pè é. Ibi ìsọdá oníla funfun àti dúdú, tí wọ́n fi orúkọ ẹranko sébírà pè, di ohun òfin ní 1951. Lóṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tún ìwé òfin náà ṣe, wọ́n wá to àwọn tó ń lo ojú pópó lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ewu ṣe lè bá wọn tó: ẹlẹ́sẹ̀ ló wà lókè pátápátá, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn tó gun ẹṣin, ọkọ̀ ńlá ló sì wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ́ èyí sórí, torí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi yín. Bí ẹ bá fẹ́ yà sí òpópónà mìíràn tí ẹ sì rí ẹni tó ń dúró láti sọdá ní oríta náà, ẹ̀yin ni kí ẹ dúró dè é.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé "pedigree", tí wọ́n fi ń pe ìran àti orísun ènìyàn tàbí ajá, bá "pedestrian" tan. Kí ni ìran ènìyàn fi jọ ẹsẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Wọ́n bá ara wọn tan lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ ni tirẹ̀. Faransé àtijọ́ ló ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹyẹ kan tó ga lẹ́sẹ̀ tó sì máa ń wà lẹ́bàá omi. Nígbà tí àwọn akọ̀wé bá ń kọ ìran ìdílé kan sínú ìwé, wọ́n máa ń fa ilà mẹ́ta láti ara baba sí àwọn ọmọ, ilà náà sì jọ ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ náà lórí ẹrẹ̀.

Mọ̀lẹ́bí wọn méjì mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ, ìyẹn "impede" àti "expedite". Àwọn ará Róòmù wo ẹni tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá fi sọ ohun gbogbo tó bá dí ènìyàn lọ́nà. Wọ́n sì wo ẹni tí wọ́n tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi sọ ohun gbogbo tó bá yá kánkán. Àwa kò wo ẹsẹ̀ nígbà tí a ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ la wò, torí pé ẹni tí wọ́n bá ń yọ lẹ́nu nídìí iṣẹ́ rẹ̀, a ní wọ́n ń dí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá tún pàdé "impede" nínú ìwé yín, kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí irin náà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan ní Róòmù.